Ilé Ẹbí Ń Di Fúláàtì: Bí Àwọn Ayálégbé Ṣe Ń Kúrò ní Yaba àti Èbúté Mẹ́ta

Nígbàkúgbà tí ìjọba bá fi katapílà wó àdúgbò kan ní Èkó, ariwo máa ń sọ. Nígbà tí ìjọba ológun Raji Rasaki lé àwọn ará Maroko jáde ní July 1990, wọ́n ní àwọn tó pàdánù ilé tó 300,000, títí dòní ni àwọn èèyàn sì ń sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n lé àwọn ará Otodo-Gbame láàárín 2016 sí 2017, ọ̀rọ̀ náà dé kọ́ọ̀tù, adájọ́ sì sọ pé ohun tí wọ́n ṣe lòdì sí ìwé òfin Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ìlékúrò mìíràn ń lọ ní àárín ìlú Èkó tí kò ní katapílà ìjọba, tí kò ní ọlọ́pàá, tí akọ̀ròyìn kankan kì í sáré lọ wò. Bàbá onílé kú. Àwọn ọmọ kò gbọ́ra wọn yé lórí ogún. Olówó kan yọjú. Àwọn ayálégbé yàrá méjìlá kó ẹrù jáde. Kò pẹ́ kò jìnnà, ilé alájà mẹ́rin ti dúró síbẹ̀, géètì dúdú níwájú, tánkì omi lórí òrùlé, jẹnẹrétọ̀ ńlá lẹ́yìn, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan nínú àwọn ayálégbé àná tó lè san owó fúláàtì kan níbẹ̀.

Yaba àti Èbúté Mẹ́ta ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí, nítorí àwọn tí wọ́n lé kúrò níbòmíràn ló pọ̀ nínú àwọn tó tẹ àdúgbò méjèèjì dó. Ní 1867, nígbà Ìfọ́lé ní Abẹ́òkúta, tí wọ́n ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé àwọn onígbàgbọ́, àwọn Ẹ̀gbá tó jẹ́ onígbàgbọ́ sá wá sí Èkó, Glover, tó ń ṣàkóso Èkó fún àwọn Òyìnbó nígbà náà, sì fún wọn ní ilẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta. Iṣẹ́ rélùwéè bẹ̀rẹ̀ ní 1896, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń ti gbogbo ilẹ̀ Yorùbá àti òkè ọya wá. Ní àwọn ọdún 1920, àrùn tí eku ń kó ràn jà ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ìyẹn ló mú kí ìjọba amúnisìn dá àjọ LEDB sílẹ̀ ní 1928 láti máa tún ìlú ṣe. Wọ́n wó ilé ní agbègbè Olúwọlé, wọ́n sì la Yaba fún àwọn tí wọ́n lé. Ní 1955 wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, torí òmìnira ń bọ̀, wọ́n fẹ́ kí àárín Èkó dùn ún wò lójú àlejò. Sùúrùlérè ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ èèyàn lọ lọ́tẹ̀ yìí. Ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tí wọ́n ti lé nígbà kan rí wà lára àwọn tó tún ń kó ẹrù báyìí.

Ilé tí àwọn àgbà wọ̀nyẹn kọ́ ni a mọ̀ sí kọjú-sí-mi-kí-n-kọjú-sí-ẹ. Páséèjì gígùn kan ní àárín, yàrá lọ́tùn-ún lósì, ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ lẹ́yìn, kànga kan tàbí ẹ̀rọ omi kan tí gbogbo ilé jọ ń pọn. Onílé fúnra rẹ̀ ló ń gbé pálọ̀ iwájú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọkàn sí ibi tí onílé ń gbé yìí, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Onílé tó ń gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú ayálégbé rẹ̀ mọ ìgbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó mọ ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ṣàìsàn. Ó lè pariwo lé e lórí láàárọ̀ nítorí owó oṣù méjì, kó sì gbé ẹran ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ Iléyá. Ó ti pẹ́ tó ti kọ́ ilé rẹ̀, kò jẹ báńkì kankan, nítorí náà owó yàrá kì í sábà fò sókè. Ìyẹn ló jẹ́ kí télọ̀, bíríkìlà, tíṣà àti oníṣòwò Òyìngbò lè gbé àárín ìlú fún ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún. Ọ̀rọ̀ ẹnu àti ojú àánú ló gbé àdéhùn náà ró. Lọ́jọ́ tí onílé bá kú, àdéhùn náà bá a lọ.

Kí ló wá fa olówó wá sí àdúgbò yìí? Ọ̀nà ni ohun àkọ́kọ́. Afárá Third Mainland parí ní 1990, ó sì bọ́ sí Adékúnlé, débi pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Victoria Island lè ti Yaba lọ kó sì padà bọ̀ láìṣe wàhálà àwọn ará Ìkòròdú. Yabatech ti wà níbẹ̀ láti 1947, Unilag sì wọ Akọkà lẹ́yìn tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1962. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò rí àyè nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì ń wá yàrá láìdẹwọ́. Láàárín 2010 sí 2011, wáyà íntánẹ́ẹ̀tì MainOne gba abẹ́ òkun wọ Èkó, CcHub, ibùdó àwọn ọ̀dọ́ tó ń dá iléeṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀, sì ṣílẹ̀kùn ní ọ̀nà Herbert Macaulay. Andela, iléeṣẹ́ tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, tẹ̀ lé e ní 2014. Nígbà tí Mark Zuckerberg tó dá Facebook sílẹ̀ fẹsẹ̀ rìn ní títì Yaba ní August 2016, fọ́tò rẹ̀ káàkiri ayé, àwọn ajẹ́ńtì sì rí ọ̀rọ̀ sọ. Rélùwéè tuntun dé lẹ́yìn náà: ibùdó Mobolaji Johnson ní Alágòméjì ní 2021, àti Red Line tí wọ́n ṣí ní February 29, 2024, láti Agbádò dé Òyìngbò, tó ní ibùdó ní Yaba. Nǹkan dáadáa ni gbogbo wọn. N kò mọ ará Yaba kan tí kò fẹ́ rélùwéè. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun rere tí wọ́n bá gbé wọ àdúgbò, orí owó ilé ló ń já sí, ayálégbé ló sì ń san án.

Owó nìkan kò lè wó ilé ẹlòmíì, ṣá. Ẹni tó ni ilé gbọ́dọ̀ gbà. Ẹnu ibi tí ọ̀rọ̀ ti gbóná nìyẹn, nítorí ilé ẹbí ló pọ̀ jù nínú àwọn ilé àtijọ́ yìí. Lábẹ́ àṣà Yorùbá tí kọ́ọ̀tù ti gbà tipẹ́, ilé tí bàbá fi sílẹ̀ láìkọ ìwé ìhágún di ti gbogbo ọmọ lápapọ̀. Ẹjọ́ Lewis àti Bankole ti 1908, tó dá lórí ilé ẹbí kan ní Èkó gan-an, wà lára èyí tí àwọn lọ́yà ṣì ń tọ́ka sí. Ọmọ ẹbí kan kò lè yọ́ ilé náà tà lẹ́yìn olórí ẹbí. Bó bá tà á, òtúbáńtẹ́ ni. Olórí ẹbí náà kò gbọ́dọ̀ dá a tà láìjẹ́ pé àwọn abẹnugan ẹbí fọwọ́ sí i. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n lè lọ sí kọ́ọ̀tù kí wọ́n yí i dànù. Ìdí nìyí tí ẹ fi ń rí i lára ògiri káàkiri Èkó, tí wọ́n fi ọ̀dà kọ gàdàgbà, pé ilé yìí kì í ṣe títà. Ọmọ ẹbí kan ló kọ ọ́ nítorí ọmọ ẹbí mìíràn.

Ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Ká ní bàbá bí ọmọ 8, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì bí 4. Ọmọ-ọmọ 32 nìyẹn, lórí ilé oníyàrá 12. Kí ni wọ́n fẹ́ pín nínú owó oṣù? Ẹni tó wà nílé ló ń gba owó náà, ó ní òun fi tún páànù ṣe, àwọn tó kù kò gbà á gbọ́. Ọ̀kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀kan wà ní Texas, ọ̀kan wà ní Ìbàdàn, wọn ò sì tíì wọ ilé náà láti ìgbà tí wọ́n ti sin bàbá. Nígbà tí dẹfẹ́lọ́pà bá wá jókòó tì wọ́n, ọ̀rọ̀ rẹ̀ a máa dùn létí. Ó lè san owó kó gba ilẹ̀ pátápátá. Ó sì lè sọ pé: ẹbí mú ilẹ̀ wá, èmi á mú owó wá, a ó kọ́ fúláàtì, a ó pín in. Àwọn tó wà lókè òkun á fọwọ́ sí ìwé tí yóò jẹ́ kí ẹnì kan ṣojú wọn, ó di kí wọ́n wó ilé. N kò bá wọn wí. Ilé tó ń jò, tó ń dá ìjà sílẹ̀ lọ́dọọdún, tí kò sì mú owó kankan wọlé, ta ló máa rí ọ̀nà àbáyọ tí kò ní gbà á? Ohun tó ń dùn mí ni pé níbi ìpàdé tí wọ́n ti ń pín fúláàtì yìí, àwọn tó ń sùn nínú ilé náà lálaalẹ́ kò sí níbẹ̀, kò sì sí òfin tó ní kí wọ́n wà níbẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ìjọba lè fi àṣẹ kan ṣoṣo dá irú nǹkan yìí dúró, kó rántí Ilojo Bar ní ojúde Tinubu. Ilé àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó ti oko ẹrú Brazil padà wálé, ni, èyí tó di ilé ẹbí Ọláìyá lẹ́yìn tí wọ́n rà á ní 1933. Ní 1956 ìjọba sọ ọ́ di ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Ní September 2016, wọ́n wó o lulẹ̀. Ilé tí òfin àpapọ̀ dáàbò bò nìyẹn o.

Ẹ wá jẹ́ ká wo ohun tí òfin fún ayálégbé. Òfin Ayálégbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 dára ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ. Ó ní onílé kò gbọ́dọ̀ gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ó ní ayálégbé tí wọ́n bá sáré fi owó kún ti rẹ̀ lọ́nà tí kò bójú mu lè lọ bá kọ́ọ̀tù. Ó ní ẹ̀ṣẹ̀ ni kí onílé ṣí páànù lórí ayálégbé tàbí kó fi tipátipá lé e jáde láìsí àṣẹ kọ́ọ̀tù. (Òfin náà yọ Ìkòyí, Victoria Island, Apapa àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀, àwọn yẹn kì í ṣe ẹgbẹ́ wa lónìí.) Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tó ti já ayálégbé Èbúté Mẹ́ta kulẹ̀. Bí kò bá sí àdéhùn mìíràn, ẹni tó ń san owó lọ́dọọdún ní ẹ̀tọ́ sí nótíìsì oṣù mẹ́fà. Ẹni tó ń san lóṣooṣù, oṣù kan péré. Lẹ́yìn ìyẹn, nótíìsì ọjọ́ méje, ó di kọ́ọ̀tù. Bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń san lóṣooṣù ló kún inú ilé oníyàrá. Ìgbà tí owó ń wọlé ni òfin ń wò. Kò wo iye ọdún tí èèyàn ti gbé ibẹ̀. Ìyá àgbà tó ti wà nínú yàrá kan láti 1988, tó bí ọmọ mẹ́rin síbẹ̀, tó sin ọkọ rẹ̀ láti ibẹ̀, nótíìsì rẹ̀ kò gùn ju ti ọmọkùnrin tó wọlé lóṣù tó kọjá lọ. Mo ti ka abala yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, inú sì tún bí mi.

Bó bá jáde, níbo ló ń lọ? Owó oṣù tó kéré jù tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ń san fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ láti ìparí 2024 ni 85,000 náírà. Ìlọ́po méjìlá rẹ̀ jẹ́ 1,020,000 lọ́dún. Míní fúláàtì ní Yaba ti kọjá mílíọ̀nù kan tipẹ́. Ká tilẹ̀ fi sí mílíọ̀nù kan géérégé: ajẹ́ńtì máa gba ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ẹni tó ṣe àgírímẹ́ǹtì náà á gba ìdá mẹ́wàá, onílé á tún béèrè owó ìdúró-fún-ìbàjẹ́, ká pè é ní 100,000. Ó di 1,300,000 kí èèyàn tó ra gílóòbù iná kan. Bí wọ́n bá wá ní ọdún méjì ni àwọn ń gbà, tí òfin ní kí wọ́n má gbà, ó di 2,300,000. Òṣìṣẹ́ ìjọba nìyẹn, tí owó rẹ̀ dájú. Ti aláàárù Òyìngbò ńkọ́?

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń forí lé Agbádò, Ìjọkò, Ìkòròdú, Mówé, Ibafo. Ọ̀pọ̀ wọn ti kúrò ní Ìpínlẹ̀ Èkó pátápátá, wọ́n ti di ará Ògùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Èkó ni wọ́n ti ń jẹun. Lẹ́yìn May 29, 2023, tí Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ epo ti lọ, owó ọkọ̀ di ọ̀tọ̀, ibi tó rọ̀ lówó ilé sì wá di ibi tó le lówó ọkọ̀.

Mo mọ ìyá kan tó ń din àkàrà níwájú ilé tó ń gbé, kò jìnnà sí Òyìngbò. Láago mẹ́rin òru ni wọ́n ń dìde bó ẹ̀wà, ẹ̀rọ ìlọta wà ní ojúlé kejì, kí ó tó di aago mẹ́fà agbada ti gbóná. Àwọn mọkáníìkì, àwọn ọmọ iléèwé, àwọn tó ń sáré lọ wọ ọkọ̀, gbogbo wọn ló mọ̀ wọ́n. Ẹni tí kò bá ní owó lọ́wọ́, wọ́n á ní kó máa mú un lọ, kó san án lọ́la. Àwọn náà ni ìyá alájọ fún àwọn obìnrin òpópónà yẹn. Nígbà tí ẹbí onílé pinnu láti wó ilé, ìhà Ìjọkò ni ọmọ wọn ti rí yàrá fún wọn. Yàrá náà dára, ó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà tí a ti lọ̀ kì í dúró de rélùwéè. Kí wọ́n tó gbé e dé Òyìngbò, yóò ti kan. Àwọn ará Ìjọkò ní alákàrà tiwọn. Àjọ náà túká, nítorí àwọn tó ń dá a náà ti fọ́n ká. Kò sí nótíìsì oṣù kan tàbí mẹ́fà tó lè dá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ padà, kò sì sí ẹni tó kọ ọ́ sínú ìwé kankan pé ìyá yìí pàdánù nǹkan.

Ọjà náà kò gbẹ́yìn. Iná jó ọjà Tẹ́júoṣó ní December 2007. Ìjọba àti àwọn oníṣòwò ńlá pawọ́ pọ̀ kọ́ tuntun, wọ́n ṣí i ní August 2014: àtẹ̀gùn oníná, ẹ̀rọ amúlétutù, gbogbo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ní ìsọ̀ níbẹ̀ kí iná tó jó kò lè san owó ìsọ̀ tuntun. Àwọn kan padà sí ẹ̀gbẹ́ títì.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa bi mí pé ṣé kí a fi ilé tó ti gbó sílẹ̀ kó wó pa èèyàn ni. Rárá o. Ní March 2019, ilé kan wó ní Ìta Fáàjì, àwọn ọmọ iléèwé sì wà lára àwọn tó kú. Ní alẹ́ May 1, 2022, ilé alájà mẹ́ta wó ní òpópónà Ìbàdàn, ní Èbúté Mẹ́ta yìí gan-an, èèyàn kú níbẹ̀ náà. Nígbà tí òṣìṣẹ́ LASBCA, àjọ ìjọba Èkó tó ń bójú tó ilé kíkọ́, bá fi ọ̀dà pupa sàmì sí ògiri, ẹ̀mí ni wọ́n ń gbà là. Kí wọ́n tún ilé kọ́. Kí wọ́n kọ́ ọ dáadáa. Ọ̀rọ̀ mi ni pé ẹni tó gbé ewu ilé náà fún ọgbọ̀n ọdún, tó ń fi báàfù gbe omi òjò nínú yàrá, kò yẹ kó jẹ́ òun nìkan ni àtúnkọ́ náà kò kàn.

Ní 2025, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ àbá òfin ayálégbé tuntun wò, tó fẹ́ kí owó ajẹ́ńtì má kọjá ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó. Èmi fẹ́ kí nótíìsì máa gùn bí ọdún tí èèyàn ti gbé inú ilé bá ṣe pọ̀ tó, bóyá oṣù ló ń san tàbí ọdún. Èmi fẹ́ kí ẹni tó bá wá gba ìwé àṣẹ láti wó ilé oníyàrá púpọ̀ kọ orúkọ gbogbo ayálégbé tó wà níbẹ̀, kó sì fi hàn pé ó fún wọn ní owó ìkẹ́rù àti ti yàrá tuntun kó tó fọwọ́ kan bíríkì kan. Dẹfẹ́lọ́pà tó lè san owó ilẹ̀ ní Yaba lè san ìyẹn. Èmi sì fẹ́ kí ìjọba tó fi owó ìlú kọ́ ibùdó rélùwéè kọ́ ilé tí owó rẹ̀ wọ́lẹ̀ sí ẹ̀bá ibùdó náà, torí owó gbogbo wa ló mú kí ilẹ̀ ibẹ̀ wọ́n.

Títí ìyẹn yóò fi dé, kí ẹni tó bá ń gbé ilé ẹbí tí ó gbọ́ pé ìpàdé ogún ti bẹ̀rẹ̀ tètè gba rìsíìtì fún gbogbo owó tó bá san, pàápàá bó bá jẹ́ pé ọwọ́ sí ọwọ́ ló ti ń san án látẹ̀yìn wá. Kó bi wọ́n léèrè ẹni tí ẹbí yàn láti máa gba owó, kí ọmọ ẹbí méjì má baà gba owó oṣù kan náà lọ́wọ́ rẹ̀. Kó má fọwọ́ sí ìwé tí kò yé e. Bí wọ́n bá fún un ní nótíìsì, kó mú un lọ sí Citizens' Mediation Centre tàbí Office of the Public Defender. Ti ìjọba Èkó ni méjèèjì, ọ̀fẹ́ sì ni. Bí wọ́n bá sì wá ṣí páànù lórí rẹ̀ láìsí ìwé kọ́ọ̀tù, àgọ́ ọlọ́pàá ni kó kọ́kọ́ gbà lọ, kó ya fọ́tò páànù náà dání.